Ẹ Jẹ́ Ká Kọ Orúkọ Wọn Sílẹ̀ Ná

Ọ̀sán Sátidé kan ni. Àwa mẹ́sàn-án la jókòó síwájú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Òdòdé-Ìdànrè, fóònù wà lọ́wọ́ oníkálukú. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n ti ilẹ̀kùn Fantasy Premier League ti ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá ti ta eré yìí rí mọ bí ogún ìṣẹ́jú yẹn ṣe máa ń gbóná. Ọ̀kan nínú wa ń bèèrè bóyá kí òun yọ Iwobi kí òun fi ẹlòmíràn rọ́pò. Ọ̀kan ń ka ìròyìn iṣan ẹsẹ̀ tó ń dun ọmọ kan ní Manchester. Ọ̀kan ń búra pé Ọlá Aina ò ní gbá bọ́ọ̀lù lónìí, pé òun fi etí ara òun gbọ́ ọ lẹ́nu kóòṣì wọn.

Lódìkejì títì, lórí pápá ilé ìwé, àwọn ọmọ àdúgbò méjì ń gbá àṣekágbá ìdíje tiwọn. Ariwo sọ lójijì. Góòlù! A gbójú sókè. A bi ọmọdé kan tó ń sáré kọjá pé ta ló jẹ ẹ́. Ó ní, "Ọmọ ìyá alágbo yẹn ni."

Orúkọ ẹ̀ ń kọ́? Kò mọ̀ ọ́n. Àwa náà ò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ọ̀kan nínú wa ni ọmọ yẹn ń gbé. A tún bojú wo fóònù wa, a ń bá iṣan ẹsẹ̀ ọmọ Manchester lọ.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí ò gùn. Kì í ṣe pé eré Fantasy burú. Àwa fúnra wa ń ta á, a ò sì ní fi í sílẹ̀. Ohun tó burú ni pé a ti di akọ̀wé ọ̀fẹ́ fún pápá àwọn ẹlòmíràn, pápá tiwa sì ṣófo nínú ìwé. Tí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ líìgì Fantasy ní Ìdànrè, ká bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú wa, ká má sì dúró de áàpù, ká má dúró de ìjọba.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ eré náà, ẹ jẹ́ ká là á. Wọ́n á fún ẹ ní £100 mílíọ̀nù tí kò sí níbì kankan àfi lójú fóònù. O máa fi ra agbábọ́ọ̀lù 15 láti inú àwọn ẹgbẹ́ líìgì England, kò sì gbọ́dọ̀ ju mẹ́ta lọ láti inú ẹgbẹ́ kan. O máa yan balógun, póìǹtì tiẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Ohun tí wọ́n bá ṣe lórí pápá gan-an lópin ọ̀sẹ̀ ni yóò fún ẹ ní póìǹtì: ẹni tó jẹ góòlù, ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù fún un, aṣọ́lé tí wọn ò jẹ góòlù sí nílé. Láti 2002 ni wọ́n ti ń ta á, àwọn tó ń ta á lágbàáyé báyìí sì ti lé ní mílíọ̀nù 10. Ọ̀fẹ́ ni. Àwa la máa ń fi owó tiwa kún un, a máa padà sórí ọ̀rọ̀ ìyẹn.

Ohun tó la ojú wa, ẹ máa rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ. Họ́kì ni. Họ́kì orí yìnyín! Ìbátan ọ̀kan nínú wa tó wà ní Kánádà ló fi ìwé ìpè ránṣẹ́ pé ká wá bá àwọn ta Fantasy ti họ́kì, pé ènìyàn ò pé. Àwa tí a ò rí yìnyín rí ju èyí tí wọ́n fi ń mú ẹja tutù lọ. Bọ́ọ̀lù kọ́ ni wọ́n ń gbá, rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan ni wọ́n ń fi igi lé kiri orí yìnyín, ènìyàn mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, aṣọ́lé wà nínú wọn. A ní ká gbìyànjú ẹ̀ wò.

Ibẹ̀ la ti pàdé orúkọ kan: Jarome Iginla. A ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Igi ńlá! Yorùbá ni bàbá rẹ̀, láti Nàìjíríà ló ti lọ sí Kánádà, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí ọmọ náà sí ní 1977. Ọmọ yìí di balógun Calgary Flames. Ó gba góòlù mẹ́dàlì Òlíńpíìkì pẹ̀lú Kánádà ní 2002 àti ní 2010. Góòlù 625 ló jẹ nínú líìgì NHL, 675 sì ni iye ìgbà tó gbé e fún ẹlòmíràn tí ìyẹn fi jẹ. Nígbà tí Sidney Crosby jẹ góòlù tó gba wúrà fún Kánádà ní 2010, Iginla ló gbé e fún un. Ó wà nínú ìwé.

Ẹ dákun, ẹ tún gbólóhùn yẹn gbọ́: ó wà nínú ìwé. Ọmọdé kan lè jókòó sí Àládé-Ìdànrè ní alẹ́ òní kó mọ iye góòlù tí ọmọ Yorùbá kan jẹ lórí yìnyín ní Calgary, ọdún wo, sí ẹgbẹ́ wo, ta ló gbé e fún un. Ṣùgbọ́n ọmọdé yẹn kan náà ò lè mọ ẹni tó jẹ góòlù nínú àṣekágbá tí wọ́n gbá ní àdúgbò rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín wọn? Ṣé pé ti Calgary gbọ́n ju tiwa lọ ni? Rárá o. Ní Calgary, ẹnìkan jókòó, ó mú bírò, ó kọ ọ́.

Kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹ̀yìnkùlé nìkan. Ní 2012, ẹgbẹ́ Sunshine Stars ti Àkúrẹ́, ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ wa, gbá bọ́ọ̀lù dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú CAF Champions League. Al Ahly ti Íjíbítì ló dá wọn dúró: 3-3 ní Ìjẹ̀bú-Òde, 1-0 ní Kírò. Góòlù mẹ́ta la jẹ sí ẹgbẹ́ tó tóbi jù ní Áfíríkà! Nínú àwa mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó lè dárúkọ àwọn mẹ́ta tó jẹ wọ́n. Ẹni kan nínú wa wà lórí ìjókòó ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ náà o. Ó rántí òjò, ó rántí iye tó fi ra súyà. Ṣùgbọ́n ẹ bi í nípa Arsenal ti 2004, yóò ka àwọn mọ́kànlá fún yín láìmí.

Ẹ wo Victor Boniface náà, ọmọ tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́ ní 2000. Láti ìgbà tó ti dé Bodø/Glimt ní Norway ní 2019, gbogbo ìṣẹ́jú tó gbá ló wà nínú ìwé, títí dé ìgbà tó bá Leverkusen gba líìgì Jámánì ní 2024. Èyí tó gbá nílé kó tó lọ ń kọ́? Ta ló kà á? Ẹni mélòó ló tún mọ bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ní pápá kan náà, tí kò rí ọkọ̀ òfuurufú wọ̀, tí kò sì sí ìwé kankan tó lè sọ pé ó gbé ayé gbá bọ́ọ̀lù rí?

Nígbà tí a sọ èyí síta, ìdáhùn mẹ́ta la gbọ́. A fẹ́ fèsì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní, "Eré ọmọ aláìníṣẹ́ ni. Ẹ lọ ṣiṣẹ́." Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, a gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tó wà nínú eré yìí. Ọmọ tí kò fẹ́ràn ìṣirò nílé ìwé ń fi orí ara rẹ̀ ṣe ìdá méjì, ìdá mẹ́ta, ó ń wo ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó yan ẹnì kan. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. A kàn ń ná an sí ọjà tí kì í ṣe tiwa ni.

Àwọn ẹlẹ́kejì ní, "Kí ló wà nínú bọ́ọ̀lù Ìdànrè tí èèyàn fẹ́ máa kọ? Wọn ò mọ̀ ọ́n gbá." Èyí ló dùn wá jù, torí pé ọmọ oníkòkó ló ń sọ ọ́. Ta ni kò mọ̀ ní Ìdànrè pé kòkó tí wọn ò bá wọ̀n, olè ló máa jẹ ẹ́? Bàbá àgbà wa tí kò mọ̀wé rárá, tó bá gbé kòkó lọ sọ́dọ̀ oníbárà, ó máa dúró ti ìwọ̀n. Ó máa ní kí wọ́n kọ iye kílò sílẹ̀ lójú òun, yóò sì ká ìwé náà sínú fìlà. Kò ní sọ pé, "Kòkó mi ò dára tó, ẹ má wulẹ̀ kọ ọ́." Kíkọ ló ń jẹ́ kí ohun ẹni ní iye lórí. Tí àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri bá dé Òǹdó, kí ni wọ́n máa bá? Wọ́n á bá ariwo. Ariwo ò ṣeé kó sínú báàgì lọ sí ọ́fíìsì.

Àwọn ẹlẹ́kẹta ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, àwa tí a jọ ń kọ kóòdù. Wọ́n ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kọ áàpù rẹ̀ ná." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ẹ̀rí wa, torí pé a ti jẹ́ òmùgọ̀ yẹn rí. Kọ̀ǹpútà la kọ́ ní yunifásítì, òun la sì fi ń jẹun. Oṣù mẹ́rin la fi kọ áàpù Fantasy kan fún bọ́ọ̀lù àdúgbò wa. Ojú ìwọlé rẹ̀ rẹwà. Àwọ̀ ewé kòkó la kùn ún. Ó lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ó lè yí balógun padà, ó ní ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ ti lè máa fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Ọjọ́ tí a fẹ́ ṣí i, a wá rí i pé kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí a lè kó sínú rẹ̀. A ò mọ ẹni tó gbá. A ò mọ ẹni tó jẹ góòlù. Kódà a ò ní orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù. A kọ́ ilé alájà mẹ́ta, a gbàgbé pé ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ gbé inú rẹ̀. Dátà, lẹ́nu tiwa, ni èyí tí à ń rà lórí fóònù. Èyí tó yẹ ká máa fi bírò kọ, a ò kà á sí.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ eré yìí ò sì ní áàpù. Ní 1962 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bill Winkenbach àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Oakland, ní Amẹ́ríkà, ro ọ̀kan pọ̀ fún bọ́ọ̀lù tiwọn. Ní 1980, Daniel Okrent àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ti beesibọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní New York. Ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ La Rôtisserie Française ni wọ́n máa ń pàdé, orúkọ ilé oúnjẹ yẹn náà ni líìgì wọn fi ń jẹ́ Rotisserie. Ìwé ìròyìn ni wọ́n ń ṣí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣírò póìǹtì. Ìwé ló ṣáájú, ìwé àti bírò. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà tó wá bá wọn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé láìsí áàpù ẹ ò lè bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ ta áàpù fún yín ni.

Ó dáa. Báwo la ṣe máa bẹ̀rẹ̀? Ohun tí àwa ń ṣe nìyí. Ẹ mú èyí tó bá wúlò fún yín.

Àkọ́kọ́, ẹ má lo ọ̀nà Premier League, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè ra ẹni kan náà. Ìdànrè kéré jùyẹn lọ. Gbogbo wa ló máa ra ọmọ ìyá alágbo. Ọ̀nà tí a bá lọ́dọ̀ àwọn oníhọ́kì ló bá wa mu: agbábọ́ọ̀lù kan, olówó kan. Ènìyàn mẹ́fà á jókòó yíká, wọ́n á máa mú agbábọ́ọ̀lù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mú ṣáájú ní ìyípo kìíní ni yóò mú kẹ́yìn ní ìyípo kejì, kó má bàa sí ìrẹ́jẹ. Kí oníkálukú ní méje: aṣọ́lé kan, méjì tó ń dí ẹ̀yìn, méjì láàárín, méjì níwájú. Kí ọwọ́ tó dé orí ẹnì kejìlá, wàá ti rí i pé o gbọ́dọ̀ lọ wo àwọn ọmọ wọ̀nyí gbá bọ́ọ̀lù kó o tó mọ ẹni tí wàá mú. Ibi tí à ń lọ gan-an nìyẹn.

Èkejì, póìǹtì. Góòlù, márùn-ún. Ẹni tó gbé e fún un, mẹ́ta. Nínú họ́kì, wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó gbé e fún ẹni tó gbé e náà sílẹ̀. Àwa fún òun náà ní ọ̀kan, torí pé ọmọ tó já bọ́ọ̀lù gbà ní àárín pápá ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lásán. Aṣọ́lé tí wọn ò jẹ góòlù sí nílé, mẹ́rin. Bọ́ọ̀lù méjì tó bá mú, ọ̀kan. Káàdì ìyẹ́lò yọ ọ̀kan, káàdì pupa yọ mẹ́ta. Ó tán.

Ẹ̀kẹta, òǹkọ̀wé. Èyí lọ̀pá ìdí rẹ̀. Ẹni méjì ni kó máa kọ ọ́, kí wọ́n má jókòó pọ̀. Kí ọ̀kan wà lẹ́yìn ilé yìí, kí èkejì wà lẹ́yìn ilé kejì. Ìwé ọgọ́ta ojú ewé tó. Kí wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ kóòṣì kí eré tó bẹ̀rẹ̀, orúkọ gidi, kì í ṣe "Messi" tàbí "Ọmọ Alágbo" nìkan. Tí wọ́n bá fọn fèrè àbọ̀ eré, kí wọ́n fi ìwé méjèèjì wé ara wọn. Ibi tí wọn ò bá ti fẹnu kò, kí wọ́n bi rẹfirí. Tí agbábọ́ọ̀lù bá ṣì jẹ́ ọmọdé, kí òbí rẹ̀ gbọ́ sí i, kí àwòrán rẹ̀ má sì fò kiri.

Ẹ̀kẹrin, a ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ èyí: kò gbọdọ̀ sí owó níbẹ̀. Kọ́bọ̀ kan, kò gbọdọ̀ sí i. A mọ̀ pé ẹ máa yarí, torí pé àwa náà yarí. Nínú Fantasy ti England, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà la máa ń dá lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún kan, ẹni tí a kó o fún ná an kí líìgì tó parí, ọ̀rẹ́ méjì ò sì kí ara wọn di òní. Ìyẹn ṣì kéré. Ẹ ro ó wò: ní England, kò sí bí o ṣe lè pe Haaland kó o ní kó má gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ní Ìdànrè, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ ni aṣọ́lé. Ọjọ́ tí owó bá wọ ọ̀rọ̀ yìí ni ẹnìkan máa lọ bá aṣọ́lé ní alẹ́ Fúráídé, tí yóò sì fi ẹgbẹ̀rún méjì sí i lọ́wọ́. Bọ́ọ̀lù tí à ń wá bí a ṣe máa gbé ga, àwa fúnra wa la máa pa á. Ẹni tó bá gba líìgì, kí àwọn yòókù se iyán fún un. Ìyẹn tó.

A ti ń ṣe é báyìí fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Òjò ti pa ìwé wa lẹ́ẹ̀kan. Àwọn òǹkọ̀wé méjì ti jà lórí góòlù kan tó gba ara ẹni méjì wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹni mẹ́ta péré ló wá, torí pé Arsenal ń gbá. A ò sọ pé ó rọrùn. Ṣùgbọ́n ìwé wa ti ní orúkọ mẹ́tàlélọ́gọ́rin nínú, orúkọ àti orúkọ bàbá. Ọmọ ìyá alágbo ti jẹ góòlù mẹ́sàn-án. A ti mọ orúkọ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá bá wa lẹ́yìn eré, ó ní ká jẹ́ kí òun wo ojú ewé tòun. Ó kà á, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló sọ pé ẹ ò ka èyí tí òun gbé fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. A yẹ ìwé kejì wò. Òótọ́ ló sọ. A fi kún un.

Lórí òkè wa níbí, tí èèyàn bá gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn dé Ìdànrè àtijọ́, wọ́n máa fi àwọn àmì kan hàn án lára àpáta tí ẹnikẹ́ni ò lè kà. Àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ti gbìyànjú tiẹ̀. Àwa la ò lè kà á. Tiwa tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ tí àwọn ọmọ wa bá dé tí wọ́n bá àpáta tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan kan sí, nígbà tí bírò wà lápò wa.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ yan àwọn mọ́kànlá yín ti England, a ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Tẹ́ ẹ bá yàn wọ́n tán, ẹ ra ìwé kan, ẹ lọ sí pápá tó sún mọ́ yín jù, kẹ́ ẹ sì bi ọmọ àkọ́kọ́ tó bá jẹ góòlù pé: "Kí lorúkọ ẹ?"